Bí Àṣírù Wolé-Wolé Ṣe Di Wolẹ̀-Wolẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ajégúnlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn máa ń sá fún, bẹ́ẹ̀ kò lu ẹnikẹ́ni rí, kò sì bú ẹnikẹ́ni rí. Àṣírù lorúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì ní ìwà kan: tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, ẹ̀rín náà á pẹ́ díẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa sá fún un ni pé wolé-wolé kánsù ni. Bí ṣòkòtò kakí péńpé rẹ̀ bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́ ní ìkòríta, ẹnìkan á ti pariwo, "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" Àwọn obìnrin á máa da omi inú ìkòkò nù kó má baà bá tanwíìjí níbẹ̀, àwọn ọkùnrin á sá wọ ilé ìgbẹ́, wọn á tilẹ̀kùn mọ́rí. Nígbà tí Àṣírù bá fi sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo ojúlé á ti pa lọ́lọ́, kò ní sí ẹni tó máa kí i àfi ewúrẹ́.

Ajégúnlẹ̀ náà ni wọ́n ti bí i. Ìhà Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀ ti wá, wáàfù Àpápá ló sì ti ń ru ẹrù títí ó fi rán ọmọ náà níwèé mẹ́fà. Kánsù gba Àṣírù síṣẹ́ kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira, ẹnu iṣẹ́ náà ló sì ti rí ìyàwó. Ó wọ ilé ìyá kan lọ́jọ́ kan, ó bá tanwíìjí nínú ìkòkò, ó ní òun ń padà bọ̀ wá wò ó. Ó padà wá, ìkòkò ti mọ́. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ṣì mọ́. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá náà ní, "Wolé-wolé, ṣé ìkòkò tèmi nìkan ló kù ní Ajégúnlẹ̀ ni?" Àṣírù rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá jẹ́wọ́ pé òun kò wá wo ìkòkò mọ́, Tàwàkálítù ọmọ wọn lòun ń wá wò. Wọ́n ṣe yìgì wọn. Ìyá Tàwàkálítù kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Ẹni tó bá ṣáà ti kí i kú oríire àna, èsì kan ni yóò fún un: "Ìkòkò ló ní òun wá wò, ọmọ ló gbé lọ."

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀ kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí Àṣírù sì ń bá kẹ̀kẹ́ já sí gọ́tà nítorí kò mọ ọwọ́ tó wà mọ́, ni akọ̀wé àgbà kánsù ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gbẹ́ni Benson ni wọ́n ń pe akọ̀wé àgbà yìí. Àpápá GRA ló ń gbé, dírẹ́bà ló ń wà á kiri, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í wọ bàtà funfun.

"Àṣírù, ó ti pẹ́ tí o ti ń wo ìkòkò."

"Ó ti pẹ́, sà."

"Ó tó gẹ́ẹ́. Láti òní lọ, ilẹ̀ ni kí o máa wò."

Àṣírù wo ilẹ̀ ọ́fíìsì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilẹ̀ yìí mọ́, sà."

"Kì í ṣe ilẹ̀ yìí!"

Benson wá ṣàlàyé fún un. Ó ní láti ìgbà àwọn òyìnbó ni àwọn kọ́ńpìnnì kan ti ń kó ẹrù kúrò ní wáàfù wá tọ́jú sí ẹ̀yìn Ajégúnlẹ̀ àti Amùkòkò. Ọ̀dà títì ni, ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni, omi bátìrì ni. Èyí tó jò, ilẹ̀ ló mu ún. Èyí tí wọn kò fẹ́ mọ́, wọ́n gbẹ́lẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kọ́ńpìnnì mìíràn ti kó lọ sílùú wọn, ilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń kọ́lé lé e, wọ́n ń gbẹ́ kànga sí i, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí i. Kánsù fẹ́ mọ ilẹ̀ tó ti bàjẹ́, kí wọ́n mọ ẹni tó bà á jẹ́, kí onítọ̀hún wá tún un ṣe. Bí wọn kò bá rí i, kánsù yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n, sà?"

"Ìwọ lo máa mọ̀ ọ́n," ni Benson wí. Ó fún un ní ṣọ́bìrì kan àti bàtà òjò kan tó tóbi jù ú lọ, ó sì ní kó máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wolé-wolé ṣe di wolẹ̀-wolẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló yí orúkọ náà fún un, torí pé láti ọjọ́ yẹn, orí kodò ló ń rìn kiri bí ìyàwó ọ̀ṣìngín tí ojú ń tì. Ohun tó wá yà á lẹ́nu ni pé àwọn ènìyàn kò sá fún un mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé e. "Kí ló sọnù, ọ̀gá?" ni wọn yóò bi í. Àṣírù á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, kó sì tó rẹ́rìn-ín tán, èrò á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa bá a wá a. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará òpópónà kan bá a wá ohun tí wọn kò mọ̀ títí wọ́n fi rí yẹtí wúrà obìnrin kan tó ti sọnù láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ìyẹn ṣàdúrà fún un, ó gbé igbá iṣu kan fún un. Kò ṣeé ṣe fún un láti ṣàlàyé mọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dé ilẹ̀ kan ní Amùkòkò, lẹ́yìn àtíbàbà àwọn kápẹ́ńtà. Adìẹ ló kọ́kọ́ pè é lákìíyèsí. Gbogbo adìẹ àdúgbò yẹn ló ní ẹsẹ̀ dúdú, bí ẹni pé wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀. Kànga kan wà níbẹ̀, nígbà tí Àṣírù fa omi rẹ̀, àwọ̀ òṣùmàrè ló tẹ́ lójú omi náà, ó ń rùn bí ilé mẹkáníìkì. Ó bi bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ ládùúgbò ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Àgbá ọ̀dà ni," ni bàbá náà wí. "Ó kún ibẹ̀ bámúbámú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó lọ, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n yí gbogbo rẹ̀ sí i. Àwa gan-an la bá wọn yí i."

Àṣírù ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Kò tí ì wa jìn tí ohun dúdú kan fi dì mọ́ ṣọ́bìrì, ó ń dán, ó ń fà bí oyin. Ó bu díẹ̀ sínú agolo Ofatín kan láti gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ìjọba ní Yábàá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó délé, ó gbé agolo náà sórí ògiri balùwẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní taari rẹ̀ dànù.

Ó ti gbàgbé pé ìyá ìyàwó òun wà nílé, ó wá kí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe ló jí Àṣírù.

"Tàwàkálítù! Irú ọṣẹ dúdú wo lẹ gbé síbí yìí? Kì í hó!"

"Ọṣẹ wo, Màmá?"

"Èyí tó wà nínú agolo!"

Àṣírù fò dìde, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ sán ìdí, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ má fi fọrí o!"

"Mo ti fi fọ̀ ọ́."

"Ẹ tètè fi kànrìnkàn bọ́ ọ kúrò!"

"Kànrìnkàn náà ti lẹ̀ mọ́ ọn."

Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n mú màmá jáde, kànrìnkàn dúró lórí rẹ̀ ṣánṣán bí adé. Tàwàkálítù fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. Epo pupa ni wọ́n fi ń pa á, wọ́n ń rọra họ ọ́, títí oòrùn fi mú. Níkẹyìn, wọ́n pe onígbàjámọ̀. Màmá jókòó, orí ń dán, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìkòkò lo kọ́kọ́ wá wò nílé mi," ló wí. "O gbé ọmọ mi lọ. Nísinsìnyí, irun mi lo tún kó. Kí ló tún kù tí o fẹ́?"

Àṣírù ní láti padà lọ bu òmíràn. Nígbà tí èsì Yábàá jáde, ohun tí ọkùnrin ilé àyẹ̀wò sọ ni pé oró ọ̀dà ti wọ ilẹ̀ yẹn lọ, ó ti kan omi. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún, kí wọ́n má gbin nǹkan sí i, kí wọ́n má kọ́lé sí i títí wọ́n yóò fi wa gbogbo rẹ̀ jáde. Ó ní kí ó má tilẹ̀ kan ara ènìyàn.

"Ká ní ẹnìkan wá fi fọrí ńkọ́?" ni Àṣírù bi í.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó wá rí i pé ẹ̀rín kò sí lójú Àṣírù rárá, lọ́jọ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀ gan-an. Ó pa ẹnu dé, ó ní kí wọ́n ṣáà máa wo orí onítọ̀hún.

Kánsù wá kọ́ńpìnnì náà títí, wọn kò rí i. Wọ́n di kànga náà pa, wọ́n ní ti wíwa ilẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kó tó di ìgbà náà, kí Àṣírù lọ ri pátákó mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Monday ni àtíìsì tó ń kọ pátákó ní Amùkòkò. Ọmọ ìhà Wàrí ni, Yorùbá rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ bá dùn, pígìn ló máa ń tú jáde. Àṣírù ní kó kọ ILẸ̀ OLÓRÓ gàdàgbà gadagba, kó ya agbárí òkú sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè bẹ̀rù. Monday ya agbárí. Eyín rẹ̀ pé, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Monday, kí ló ń pa agbárí lẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀gá, mi ò lè ya ẹni tó fajú ro. Ó máa ba ọjà mi jẹ́. Ẹ́fúrí bọ́dì gò laik am, nó wọ̀rí, gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ràn ẹ̀."

Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àṣírù bá ọkùnrin kan tó jókòó sórí òkúta nídìí pátákó náà. Ará wáàfù ni, ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú.

"Ẹ káàárọ̀ o, dókítà," ni ọkùnrin náà wí, tìrora-tìrora. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé o."

"Dókítà kẹ̀?"

Ọkùnrin náà na ìka sí pátákó. "Ṣebí eyín lẹ ń yọ?"

Àṣírù rẹ́rìn-ín kó tó ṣàlàyé. Ọkùnrin náà rò pé òun ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó dìde. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń ro ó ni kò jẹ́ kó sáré dáadáa, Àṣírù ti dé orí kẹ̀kẹ́ kó tó bá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ní kí Monday wá kun eyín náà dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tó kùn ún tán, ó wá dà bí agbárí tó ń jẹ obì. Wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Pátákó náà ṣiṣẹ́, kí á sọ òtítọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan síbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó sì kọ́kọ́ kíyè sí i pé ó ṣiṣẹ́ jù ni Okechukwu, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Okechukwu ra ilẹ̀ kan ní Amùkòkò, ṣùgbọ́n bó bá ti yíjú báyìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ á tún ti tà á fún ẹlòmíràn. Nígbà tó ti ìrìn àjò ilé dé lẹ́ẹ̀kan, àjèjì méjì ló bá lórí ilẹ̀ náà tí wọ́n ń jà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n. Ó wá bá Àṣírù nílé, ó mú ìgò Fánítà wá.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní pátákó kan."

"Okechukwu, ilẹ̀ rẹ kò lóró."

"Ẹ bá mi wá oró díẹ̀ sí i."

"A kì í fi oró síbi tí kò sí! Iṣẹ́ kánsù ni ká yọ ọ́ kúrò."

"Tẹ́ ẹ bá fi sí i, ẹ á wá yọ ọ́ nígbà tí mo bá kọ́lé dé òrùlé."

Àṣírù kọ̀ jálẹ̀. Okechukwu gbé Fánítà rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ Monday. Monday kò béèrè bóyá ilẹ̀ lóró tàbí kò lóró. Ìṣòro kan ṣoṣo tó ní ni pé kò rántí bí òun ṣe ya ti àkọ́kọ́ gan-an. Ó bá lọ hú pátákó kánsù, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri gẹ́gẹ́ bí sámpù, ó sì ń wò ó yà á. Ó ní lọ́kàn láti dá a padà. Ṣùgbọ́n oníbàárà kejì dé, ẹ̀kẹta dé, ṣọ́ọ̀bù kún.

Kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún náà, pátákó agbárí ti gba Amùkòkò kan. Ẹni tó ra ilẹ̀, ó ra pátákó. Onílé kan ri ti ẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ kí àwọn ará ilé kejì má baà máa wá yà síbẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbin ata sẹ́yìnkùlé gbé kékeré kan kọ́ sídìí ata. Ọkùnrin kan tí kò ní ilẹ̀ rárá fi kọ́ ara mọ́tò rẹ̀. Monday ra kẹ̀kẹ́ Ràlẹ̀ tuntun, ó gba ọmọọṣẹ́ láti máa bá a kun eyín.

Ẹ̀rù ba Àṣírù nígbà tó rí wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó rò pé kánsù ti gba wolẹ̀-wolẹ̀ mìíràn tí wọn kò sọ fún òun. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, ó gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Benson. Kàyéfì ló bá níbẹ̀: Benson fúnra rẹ̀ ti gba Amùkòkò kọjá nínú ọkọ̀, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó dìde sókè nígbà tí Àṣírù wọlé, ó na ọwọ́ sí i.

"Àṣírù! Ìwọ nìkan lo rí gbogbo ilẹ̀ olóró yẹn?"

Ọ̀rọ̀ le. Àṣírù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kó tó rẹ́rìn-ín débi tí ọ̀rọ̀ yóò ti jáde, Benson ti pe gbogbo akọ̀wé jọ, ó ti ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó ti ní òun yóò gbé e ga. Nígbà tí ẹ̀rín tán, àtẹ́wọ́ náà ti tán, ọ̀rọ̀ náà sì ti pòórá lẹ́nu Àṣírù. Ó délé, ó sọ fún Tàwàkálítù pé wọ́n fẹ́ gbé òun ga.

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ohun tí mi ò ṣe."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn?"

"Mo ń bọ̀ wá sọ ọ́."

Kò sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan nígbà tí òjò ti ń lọ, Benson gbé e sínú ọkọ̀, ó ní kánsù fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì ìlera sí Amùkòkò, kí wọ́n lọ wá ilẹ̀ tó mọ́.

"Báwo la ṣe máa mọ èyí tó mọ́, Àṣírù?"

"Èyí tí kò bá ní pátákó, sà," ni Àṣírù dáhùn.

Wọ́n yí Amùkòkò po. Agbárí ń rẹ́rìn-ín sí wọn lọ́tùn-ún, agbárí ń rẹ́rìn-ín sí wọn lósì. Nígbà tí ó yá, wọ́n já sí ilẹ̀ gbàgede kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko hù lórí rẹ̀ minimini, kò sí pátákó kankan níbẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Àṣírù yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò wọ ọkọ̀ dé Amùkòkò rí, kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wọ ibẹ̀ láti ìhà kejì. Àwọn kápẹ́ńtà ti kó lọ, ẹnìkan ti kọ́ ilé alájà sí ipò wọn, koríko sì ti bo ẹnu kànga. "Kò ní pátákó, sà," ló wí.

"Ó parí nìyẹn."

Inú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Wọ́n ta tàpólì, wọ́n to àga, wọ́n pe àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn àlúfáà àti àwọn pásítọ̀. Tàwàkálítù wá wo bí wọ́n ṣe máa yin ọkọ òun, ìyá rẹ̀ sì bá a wá. Benson dúró sí ààyè tí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ wà nínú oòrùn, bàtà rẹ̀ funfun báláú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó.

Ìyá Tàwàkálítù ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kan. Ó fa imú símí lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á, ó wá gbé ọwọ́ lé orí, níbi tí irun kò tí ì gùn tó ti tẹ́lẹ̀.

"Tàwàkálítù, mo mọ òórùn yìí."

"Òórùn wo, Màmá?"

"Òórùn ọṣẹ ọkọ rẹ ni."

Tàwàkálítù yíjú sí ọkọ rẹ̀. Àṣírù náà ti ń wo ilẹ̀. Oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná, ohun dúdú kan ti ń rọra yọ láàárín koríko bí òógùn. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó rí bàbá àgbàlagbà ọjọ́sí tó jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, tó sì ń mi orí sí wọn. Àṣírù wá mọ̀ pé ilẹ̀ olóró ọjọ́sí ni wọ́n wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí Benson. Benson rò pé ó ń kí òun ni, ó juwọ́ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń yọ̀! Ọkùnrin yìí ló fi ojú ara rẹ̀ wo gbogbo ilẹ̀ ìlú yìí!"

Àṣírù fẹ́ pariwo, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni Benson ń fi ìyìn kún un. Ẹsẹ̀ àwọn àga ti ń wọlẹ̀ lábẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ìyá kan tó sanra níwájú kúrú díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi rí Benson kedere, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, Benson gbé ẹsẹ̀ kó lọ bu sìmẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ jáde, bàtà kò jáde. Ó wo bàtà náà bí ẹni pé òun ló paṣẹ fún un kó dúró. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ tẹlẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ lẹ̀. Ó fà á, ó gùn bí okùn. Dírẹ́bà rẹ̀ sáré wá fà á, òun náà lẹ̀. Níkẹyìn, ìyá tó sanra náà ló gbé akọ̀wé àgbà lápá, ó gbé e lọ sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúdú bíi ti adìẹ Amùkòkò.

Láàárín ariwo náà, Àṣírù rí Monday, tó wá kọ orúkọ Benson sára búlọ́ọ̀kù. "Monday! Pátákó tí mo rì síbí yìí dà?"

Monday wo ilẹ̀, ó wo àga tó ń rì, ó kawọ́ lérí. "Áà, ọ̀gá. Òun ni sámpù mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àṣírù lọ bá Benson, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ọ̀rọ̀ líle bẹ́ẹ̀ níwájú Benson. Benson wọ sálúbàtà, ó gbọ́ ọ títí dé ìparí.

"Nínú gbogbo pátákó Amùkòkò, mélòó ló jẹ́ òtítọ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo, sà. Inú ṣọ́ọ̀bù ló wà."

Ejìká Benson bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí dírẹ́bà fi sáré wọlé wá wò ó. Ìgbéga náà kò wá mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lé Àṣírù lọ. Kánsù tún òfin ṣe: pátákó tó bá máa dúró, ó gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ irin kánsù lára, kí wolẹ̀-wolẹ̀ sì máa wá wò ó lóṣooṣù. Monday fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ hú àwọn yòókù, ó sì ń hú wọn, ó ń kẹ́dùn. Okechukwu nìkan ló dì mọ́ ti ẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, ó ku páànù òrùlé.

Wọ́n wá sáré wa ilẹ̀ náà. Lébìrà wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, wọ́n hú àwọn àgbá jáde, jíjẹrà ni gbogbo wọn. Típà kó ilẹ̀ dúdú lọ síbi tí ìjọba pèsè fún irú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló kó yanrìn funfun wá láti ìhà Snake Island, wọ́n fi dí kòtò náà, wọ́n tún bu ilẹ̀ díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní Yábàá lẹ́ẹ̀mejì. Yábàá ní ó ti mọ́. Ọ́fíìsì ìlera ti lọ síbòmíràn nígbà náà, wọ́n bá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àdúgbò.

Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Kánsù pariwo pé ó ti mọ́, wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà dun Àṣírù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àga láti ilé, ó gbé e sí àárín yanrìn náà gan-an, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Àwọn ènìyàn dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń retí kó máa rì. Kò rì. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ń ṣe é lọ títí. Afẹ́fẹ́ dáa níbẹ̀. Okechukwu ló kọ́kọ́ wọlé bá a, ó gbé bẹ́ńṣì àti pátákó dírááfù dání. Àwọn awakọ̀ wáàfù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn àwọn télọ̀, lẹ́yìn wọn ẹni gbogbo, ó di pé bí ènìyàn kò bá tètè dé ní ìrọ̀lẹ́, kò ní rí ibi jókòó.

Àṣírù kò mọ dírááfù ta. Okechukwu ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ń kọrin sí i. Ní Sátidé kan, Tàwàkálítù wá pe ọkọ rẹ̀ pé oúnjẹ ti ń tutù. Ó bá a níbi tí wọ́n ti há a mọ́ igun. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó títí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Ẹ dìde," ló wí.

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà dìde ná."

Tàwàkálítù jókòó sípò rẹ̀, ó jẹ Okechukwu. Okechukwu ní ó kàn ṣèèṣì ni, ó tún un tò, Tàwàkálítù tún jẹ ẹ́. Awakọ̀ kan ní òun ló kàn. Télọ̀ ní òun ló tẹ̀ lé e. Èrò yí Tàwàkálítù ká débi pé gèlè rẹ̀ nìkan ni ènìyàn lè rí láàárín wọn. Àṣírù dúró títí, ó na ọrùn, kò rí àyè wọlé. Ó gbé àga rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, òun nìkan ló sì lọ sílé lọ jẹun lọ́jọ́ náà.